Ìrètí àti Ìfòyà Akẹ́kọ̀ọ́ nínú Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì Ọdún Àṣekágbá



Atọ́kùn ètò ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún tí yóò jáde ní girama. Ọmọ náà mọ̀ pé ìdánwò WAEC ń bẹ níwájú. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá gba C6, ó kéré tán, nínú Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì kò ní gba òun, ìbáà jẹ́ pé òun ni ó mọ ìṣirò jù ní gbogbo ìlú. Ẹ̀rù tí ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù àsán.

Ìrètí ń bẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí àwa àgbà kì í sábà bi í. Òmíràn fẹ́ di agbẹjọ́rò. Òmíràn kò fẹ́ ju pé kí òun lè dìde nínú kíláàsì, kí òun sọ èrò ọkàn òun láìsí pé ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ẹ̀rín yìí ń ba ọmọ jẹ́ ju ìdánwò lọ.

Kí tilẹ̀ ni a ń fi wọ́n rín? Ọmọ kan kọ àròkọ nípa ìyá rẹ̀, ó pe ìyá náà ní "he", gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ṣé òmùgọ̀ ni? Rárá o. Nínú èdè Yorùbá, "ó" ni a ń lò fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àga. Òmíràn kọ "they are calling you" nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń pe ni. "Wọ́n ń pè ọ́" ni ó ń sọ lọ́kàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà nítorí àná tàbí ọ̀la: "lọ" ni "lọ" ń jẹ́, "ti" àti "yóò" ni ó ń sọ ìyókù. A kò ní ìró "v", a kò ní "z", a kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta jọ bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ "street". Olùkọ́ tí ó bá fi nǹkan wọ̀nyí han ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti bá a sọ ìdajì ẹrù kalẹ̀.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún 6, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá, bí ẹni pé èdè ìyá ni olè tí ó jí Gẹ̀ẹ́sì gbé!

Ẹ wo àròkọ WAEC pàápàá, tí wọ́n ní kí ó tó ọ̀rọ̀ 450. Nínú máàkì 50 rẹ̀, 10 jẹ́ ti kókó ọ̀rọ̀, 10 ti ètò rẹ̀, 20 ti bí a ṣe lo èdè. 10 péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àṣìṣe gírámà àti ti sípẹ́lì. Ọmọ tí ó tìtorí ìbẹ̀rù àṣìṣe kọ ìdajì ojú-ewé ń fi èyí tí ó pọ̀ ṣòfò nítorí èyí tí ó kéré. Ta ni ó ti sọ èyí fún un rí?

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí a jọ dá sí. Bí ọmọ 70 bá wà nínú kíláàsì, tí olùkọ́ sì fi ìṣẹ́jú 10 ka àròkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 40 ni yóò gbà á. Mo rò pé kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ máa ka iṣẹ́ ara wọn ní méjì-méjì. Ṣùgbọ́n alàgbà tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tiwọn.