Ọrọ̀ Ajé Wo Ni Kí Ọmọ Òrukàn Wa Kà?

 

Fọ́ọ̀mù JAMB ni ọ̀rọ̀ wa ní Kétu lónìí. Tí a bá bi àwọn ọmọ òrukàn tí a ń tọ́jú pé kí ni wọ́n fẹ́ kà ní yunifásítì, púpọ̀ nínú wọn á ní, "Economics ni." Alágbàtọ́ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé èwo nínú rẹ̀.

Ó ju ẹyọ kan lọ o. Ní Yunifásítì Èkó ní Akoka, ọmọ lè ka ọrọ̀ ajé gan-an, ó sì lè kà á mọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni. Ìṣirò kún inú ti àkọ́kọ́; ọmọ tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú Maths, kí ó má wulẹ̀ fowó ṣòfò. Àwọn kan ń fojú tín-ín-rín èkejì. Àwa kò rí ìdí.

Ẹ̀kẹta ni ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀, èyí tí àwa fẹ́ràn jù, tí àwọn ọmọ wa kì í sì í dárúkọ. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni ní i, FUNAAB ní Abẹ́òkúta náà ń kọ́ni. Ẹ wo Mile 12 nítòsí wa: kí ló dé tí tòmátò tí ọkọ̀ ń kó bọ̀ láti Òkè Ọya fi ń wọ́n bí ojú lónìí, tí yóò sì máa jẹrà nílẹ̀ bó bá dọ̀la? Ta ló ń jèrè níbẹ̀? Ohun tí wọ́n ń kọ́ nìyẹn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pàtẹ ata níbẹ̀ ti mọ díẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n kẹ́mísírì àti báyọ́lọ́jì ni wọ́n ń béèrè. Ọmọ tó bá ti wọ kíláàsì commercial, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa náà jẹ̀bi: SS1 ló yẹ ká ti sọ ọ́, SS3 ni a máa ń dúró dè.

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń kà á, odidi ọdún kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ oko, tí ọmọ kò ní ráyè wá owó kankan. Ibẹ̀ ni ó ti kàn yín. Sàká ọdún kan kò lè gbé e dé òpin. Lóòótọ́, láti 2024 ni NELFUND ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lówó láìgba èlé, ṣùgbọ́n gbèsè náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ kan lọ́wọ́ wa, kí ó jọ̀wọ́ kọ iye ọdún tó lè fi gbé e sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ọmọ tó lọ gba fọ́ọ̀mù. Akọ̀wé wa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.