Ojúṣe Akọ̀ròyìn Eré Ìdárayá

Iṣẹ́ àwọn tí ń kọ ìròyìn eré ìdárayá ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Òkúdu, ọdún 2024, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ pàdé ní ìlú Abidjan, láti du àyè nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Raphael Onyedika ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n fún Nàìjíríà. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, Jodel Dossou ti san án padà, Steve Mounié sì ti fi ìkejì lé e. Bẹ̀nẹ̀ ni ó borí, 2 sí 1.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ohun tí ó ba Ìlaròó nínú jẹ́ lọ́jọ́ náà lè jẹ́ ayọ̀ ní Kétu àti Ìpòbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìbátan wa ni wọ́n. A ń ná ọjà pọ̀, a sì ń gbé ọmọ fún ara wa. Bí akọ̀ròyìn kan bá kọ ọ́ láìsí ẹ̀rí pé wọ́n fún rẹfirí ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ìjà lè bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Nítorí náà, kí akọ̀ròyìn dé orí pápá, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kí ó mọ òfin eré náà, kí ó tó dá rẹfirí lẹ́bi. Kí ó gbọ́ tẹnu ẹgbẹ́ méjèèjì, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ó má gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kankan. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìlú rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ́gun, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí àwa òǹkàwé náà má ṣe gba gbogbo ohun tí a bá gbọ́. Láti kékeré ni ọ̀pọ̀ wa ti ń gbọ́ pé Íńdíà fi 99 sí 1 na Nàìjíríà. Irú eré bẹ́ẹ̀ kò wáyé rí. Ẹni tí ń sọ ọ́ kò lè dárúkọ ọjọ́ tàbí pápá, kò sì mọ ẹni tí ó fọn fèrè. Àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ni kí a máa wá nínú ìròyìn kí a tó gbà á gbọ́.

Ní ìparí, kí a má fi ìròyìn mọ sí eré ńláńlá nìkan. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa, ọkùnrin àti obìnrin, ń sáré, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ ìwé kọ, ẹ kọ orúkọ wọn, ọjọ́ eré àti iye tí wọ́n gbá sílẹ̀. Bí ẹ̀yin kò bá kọ ọ́, kò sí àlejò tí yóò bá wa kọ ọ́.