Ṣé Àlejò Lè Ṣílẹ̀kùn Ìlú?



Ilẹ̀ kan wà ní Éṣíà tí ń jẹ́ Kòríà Àríwá. Ìjọba ibẹ̀ le púpọ̀. Ará ìlú kò lè jáde lọ bí ó ti wù ú, kò sì gbọdọ̀ gbọ́ rédíò ilẹ̀ mìíràn. Àwọn kan ń sọ pé bí àlejò bá ń lọ wòran níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀ náà yóò ṣí. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí a wò ó.

Ọmọ ìyá ni Kòríà Àríwá àti Kòríà Gúúsù. Wọ́n bá ara wọn jà láti 1950 sí 1953, ọ̀nà sì dí láàárín wọn. Ní ọdún 1998, Àríwá gbà kí àwọn ará Gúúsù máa wá wo òkè Kumgang. Láàárín ọdún 10, àwọn tí ó lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2.

Ṣùgbọ́n wáyà ni wọ́n fi sé ọ̀nà wọn. Ọmọ ogun ń ṣọ́ wọn. Wọ́n ń rí àgbẹ̀ lókèèrè, wọn kò lè kí i pé ó kú oko. Ọwọ́ ìjọba ni owó wọn lọ. Àwọn àgbà wí pé: àlejò lójú, kò fi ríran.

Ṣé kò wá sí èrè kankan ni? Èrè wà. Ní òkè yẹn ni àwọn ẹbí tí ogun yà ti tún fojú kan ara wọn, lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní 50. Ṣùgbọ́n ìjọba méjèèjì ni ó kọ́kọ́ fẹnu kò.

Ní oṣù keje ọdún 2008, ọmọ ogun Àríwá yìnbọn pa obìnrin kan nínú àwọn àlejò náà. Gúúsù dá ìrìn-àjò náà dúró. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Àríwá gba àwọn òyìnbó díẹ̀ sí ìlú Rason. Kò pé oṣù kan tí wọ́n tún tì í.

Kí ni a rí kọ́? Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń ṣí, òun náà ni ó ń tì. Àlejò tí kò lè bá ọmọ ilé sọ̀rọ̀, owó nìkan ni ó mú wọlé. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ilẹ̀ kan ti ń gba àlejò, ẹ má bèèrè iye wọn nìkan. Ẹ bèèrè pé: ta ni wọ́n bá sọ̀rọ̀?

Ẹ jíròrò rẹ̀ ní ẹgbẹ́ ìkàwé yín. Ó dìgbà kan ná o.