Ìnira Tí Ó Máa Ń Bá Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dín Oúnjẹ Afúnnilókun Kù

Àsọyé tí a ṣe níbi àpéjọ àwọn ọ̀dọ́

 

Wọn kò ní kí n wá sọ bóyá ó dára tàbí kò dára kí ènìyàn dín oúnjẹ afúnnilókun kù. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ná. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ nítorí pé dókítà sọ fún wọn pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ga, àwọn mìíràn nítorí ara tí ó ń sanra ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí wọ́n ní kí n bá yín sọ ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ láàrin ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹwàá, nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, tí ẹsẹ̀ ń ṣe pajápajá lóru, tí ìkanra dé, tí ìgbẹ́ kò yà bọ̀rọ̀, tí ẹni náà sì ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé kì í ṣe pé òun ń fi ọwọ́ ara òun ṣe ara òun báyìí. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń padà sídìí ẹ̀bà ní ọjọ́ kẹrin. Àwọn díẹ̀ sì wà tí ìnira yìí máa ń bo ewu gidi mọ́lẹ̀ fún. Nítorí àwọn díẹ̀ wọ̀nyí ni mo ṣe gbà láti wá sọ̀rọ̀.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní oúnjẹ afúnnilókun. Iṣu wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni gàárì, láfún, ìrẹsì, ẹ̀kọ, búrẹ́dì, ànàmọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣúgà àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Bí a bá jẹ wọ́n, ara yóò sọ wọ́n di ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Nínú 100 gíráàmù gàárì gbígbẹ, ó lé ní 80 gíráàmù tí ó jẹ́ afúnnilókun. Nínú 100 gíráàmù ìrẹsì sísè, ó tó nǹkan bí 28. Àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń sọ pé ẹni tí afúnnilókun tí ó ń jẹ lójúmọ́ kò bá tó 130 gíráàmù ni ó ń jẹ ẹ́ níwọ̀n kékeré. Àwọn tí wọ́n ń ṣe é kíkankíkan kì í jẹ ju 20 sí 50 lọ. Ẹ fi èyí wé ẹni tí ó jẹ àwo ìrẹsì 300 gíráàmù ní ọ̀sán, tí ó sì fi 100 gíráàmù gàárì tẹ ẹ̀bà ní alẹ́: ó ti kọjá 160 láìka ohun tí ó jẹ ní àárọ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan há a níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ lè jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí òkèlè àlìkámà bí ó bá ti wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Afúnnilókun ni àwọn náà, bí wọ́n bá pọ̀ nínú àwo, ṣúgà yóò gòkè.

Ọ̀nà ìjẹun yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1863, William Banting, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ètò ìsìnkú ní ìlú London, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa bí òun ṣe fọn lẹ́yìn tí dókítà òun ní kí òun fi búrẹ́dì, ṣúgà, ànàmọ́ òyìnbó àti bíà sílẹ̀. Ní ọdún 1921, Dókítà Russell Wilder ti ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà dábàá oúnjẹ tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀, tí afúnnilókun rẹ̀ kéré jọjọ, fún àwọn alárùn wárápá. Ní ọdún 1972 ni ìwé Dókítà Robert Atkins jáde, òun ni ó sì tan ọ̀nà yìí ká láàrin àwọn tí wọ́n fẹ́ fọn.

Kí ló wá dé tí ara fi ń ni ènìyàn? Ara ní àká, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ní àká. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú ṣúgà tí ó tó nǹkan bí 100 gíráàmù pamọ́, àwọn iṣan ara sì ń tọ́jú nǹkan bí 400. Gíráàmù ṣúgà kọ̀ọ̀kan tí a kó pamọ́ yìí, nǹkan bí gíráàmù omi mẹ́ta ni ó ń bá a gbé. Nígbà tí a bá dáwọ́ iṣu àti gàárì dúró, ara yóò lọ ṣí àká náà, omi tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ yóò sì bá ìtọ̀ jáde. Ìdí nìyí tí ẹni náà fi ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí ó sì gun ìwọ̀n ní ọjọ́ keje tí ó rí i pé òun ti fi kílógíráàmù méjì fúyẹ́. Kí ó má tí ì yọ̀ jù. Omi ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó lọ, ọ̀rá ṣì wà ní ààyè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ìnsúlíìnì, èyí tí ń darí ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, tún ní iṣẹ́ mìíràn: òun ni ó ń sọ fún kíndìnrín pé kí ó di iyọ̀ mú. Bí oúnjẹ afúnnilókun bá dín kù, ìnsúlíìnì yóò lọ sílẹ̀, kíndìnrín yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú iyọ̀ sílẹ̀ sínú ìtọ̀. Omi lọ, iyọ̀ lọ. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀fọ́rí ti ń wá, àti òòyì tí ń kọ́ ènìyàn nígbà tí ó bá dìde lójijì, àti àárẹ̀, àti ọkàn tí ń lù kìkì. Ọpọlọ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ó máa ń lo ṣúgà tí ó tó nǹkan bí 120 gíráàmù lójúmọ́. Nígbà tí ṣúgà bá wọ́n, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rá di ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kítóònù, èyí tí ọpọlọ lè lò dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ kan ni ọpọlọ fi máa ń mọ́ ọn lára. Láàrin ìgbà náà, iyè ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ jí, ìwé kíkà yóò sú u, ọ̀rọ̀ kékeré yóò sì bí i nínú. Ẹ̀yin tí ìdánwò ilé ìwé kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà.

Nígbà tí a ti mọ̀ pé omi àti iyọ̀ ni ó lọ, omi àti iyọ̀ náà ni kí á dá padà. Àwọn kan máa ń mu omi lásán lámujù, ìyẹn kò sì dára, nítorí pé ó tún ń sọ iyọ̀ tí ó ṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ di fẹ́rẹ́. Ife omi ẹran kan tàbí ọbẹ̀ ẹlẹ́ja olómi tí ó níyọ̀ díẹ̀, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, máa ń mú ẹ̀fọ́rí rọlẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Mo ní ẹni tí ara rẹ̀ le. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, ẹni tí ó bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ kún oúnjẹ rẹ̀ nítorí ohun tí mo sọ yìí, àfi bí dókítà rẹ̀ bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Fún pajápajá, ẹ̀fọ́, píà, ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí dára, nítorí pé àwọn èròjà tí iṣan ń fẹ́ wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí alárùn kíndìnrín tún bi dókítà rẹ̀ léèrè nípa ìwọ̀nyí náà.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ àwo oúnjẹ wa. A ti mọ ọbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi ń ti òkèlè lọ. Òkèlè ni oúnjẹ, ọbẹ̀ ni ẹmẹ̀wà rẹ̀, ẹran sì ni èyí tí ọmọdé máa ń jẹ gbẹ̀yìn, bí ó bá rí i jẹ. Ọ̀dọ́ kan á wá yọ òkèlè kúrò, á sì fi ṣíbí ewédú méjì àti ẹran kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú àwo, á ní òun ń ṣe ìjẹun tí afúnnilókun rẹ̀ kéré. Ebi ni ó ń pa onítọ̀hún! Àárẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti kítóònù, ìgbẹ́ rẹ̀ kò sì lè yà nígbà tí kò sí ohun tí yóò tì í. Ẹni tí ó bá yọ òkèlè gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀fọ́ di oúnjẹ: àwo tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ tí ó kún, ilá, ìgbá, pẹ̀lú ẹyin, ẹja tàbí ẹran tí ó tó, àti epo níwọ̀nba. Mo mọ̀ pé owó ni gbogbo èyí. Ní tèmi, ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ẹyin àti ẹja lójoojúmọ́ kò níláti ṣe é kíkankíkan. Kí ó dín òkèlè rẹ̀ kù sí ìdajì, kí ó jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀pà, kí ó fi ṣúgà àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀. Afúnnilókun wà nínú ẹ̀wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èròjà amáradàgbà àti okùn tí ń mú ìgbẹ́ rọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kì í sì í yára gbé ṣúgà gòkè bí ìrẹsì.

Dídín in kù díẹ̀díẹ̀ sàn ju kí á já a lójijì lọ. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kìíní yọ ṣúgà, bísíkíìtì àti búrẹ́dì. Òkèlè alẹ́ lè tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ má sì fi tíì tàbí obì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí ẹ fi iṣu sílẹ̀, nítorí pé fífi àwọn méjèèjì sílẹ̀ lójijì lè fa ẹ̀fọ́rí tiwọn, ẹ kò sì ní mọ èyí tí ń ṣe yín. Ní ti ẹnu tí ń rùn, inú ẹ̀dọ̀fóró ni òórùn náà ti ń wá, nítorí pé apá kan kítóònù ń bá èémí jáde. Pákò àti omi mímu yóò dín in kù fún àwa tí a ń dúró ní èjìká sí èjìká lórí ìrun, ṣùgbọ́n wọn kò ní mú un kúrò pátápátá. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ó kan ewu tí mo mẹ́nu bà. Ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì, tàbí tí ó ń lo oògùn bíi glibenclamide, ìwọ̀n oúnjẹ tí ó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni dókítà fi díwọ̀n oògùn náà. Bí ó bá yọ ẹ̀bà tí kò sì dín oògùn kù, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ ní wákàtí díẹ̀. Yóò làágùn, yóò máa gbọ̀n, òòyì yóò kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò di ségesège. Ẹ kíyè sí i pé díẹ̀ nínú àmì wọ̀nyí jọ ìnira tí a ti ń sọ bọ̀. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé kí ó fara dà á lè máa fara dà á títí yóò fi dákú. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọn ṣúgà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá kéré sí 70 lórí ẹ̀rọ tí ń fi mílígíráàmù kà á, tàbí bí kò bá sí ẹ̀rọ ní tòsí, kí ó po ṣíbí ìmutíì mẹ́ta sí mẹ́rin ṣúgà mọ́ omi, kí ó mu ún, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ó tún wọ̀n ọ́n. Kí ó má sọ pé òun ti fi ṣúgà sílẹ̀. Bí ó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Àwọn tí wọ́n ń lo dapagliflozin tàbí empagliflozin ní ewu mìíràn: kítóònù lè pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kí ó sì di oró, bí ṣúgà wọn kò tilẹ̀ ga. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń bì, tí inú ń run ún, tí ó sì ń mí gúlegúle, kí wọ́n gbé e lọ kíákíá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè wá lágbára jù nígbà tí omi àti iyọ̀ bá ti lọ.

Aláboyún, ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú, àti ẹni tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde, tí kò yẹ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n má ṣe dán irú rẹ̀ wò láìsí dókítà.

Wọ́n fi ìbéèrè méjì ránṣẹ́ sí mi lórí ìwé. Èkíní ni ti ààwẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó dá ààwẹ̀ Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ dúró ná fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nítorí pé àṣegbọrẹ ni, omi tí ó ń sọnù kò sì ní rí àyè padà ní ọ̀sán. Bí Ràmàdáánì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kí ó dúró títí yóò fi kọjá. Dàbínò ìṣínu kò di ewọ̀ fún ẹni tí ó ti mọ́ lára, kí ó sáà kà á mọ́ ìwọ̀n ti ọjọ́ náà.

Èkejì béèrè pé bí ìnira náà kò bá lọ ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó máa ń rọlẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, fún àwọn mìíràn ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ó bá le jù, ẹ dá àwo ẹ̀wà kékeré kan padà sójúmọ́ kí ẹ wò ó. Bí ènìyàn bá dákú, tí àyà ń dùn ún, tàbí tí èébì kò dáwọ́ dúró, kò sí ìdúró mọ́, ilé ìwòsàn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn yín àti iye ìgbà tí ẹ ń lò wọ́n sórí ìwé kan, kí ẹ sì mú un lọ bá dókítà yín kí ẹ tó yọ òkèlè àkọ́kọ́ kúrò nínú àwo.