Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Má Tètè Kọ Iṣẹ́ Tówìn

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan bá mi tomijétomijé. Ọmọkùnrin rẹ̀ fẹ́ máa wa ọkọ̀ tówìn, èyí tó máa ń wọ́ ọkọ̀ tó bá bàjẹ́. Ó ní, “Pásítọ̀, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ olè ni.”

N kò bá a jiyàn. Èmi náà ti sanwó rí lórí ọkọ̀ tí wọ́n ti fi ìkọ́ há kí n tó yíjú padà, kò sì sẹ́ni tó fún mi ní rìsíìtì. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti òru lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ yín kú, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn, tírélà ń sáré kọjá. Ta lẹ ń retí?

Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá jẹ́ pé táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí, iwájú rẹ̀ ni à ń gbé sókè. Ọkọ̀ ọ́tò ńkọ́, tó ń yí jíà fúnra rẹ̀? Ẹ́ńjìnnì ló ń ti ọ́ìlì káàkiri inú jíà rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, tí wọ́n sì ń wọ́ ọ lórí táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, irin á máa jẹ irin. Bẹ́líìtì lásán ló já, ó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, jíà ti lọ! Kí wọ́n gbé irú rẹ̀ sórí pẹpẹ ọkọ̀ tówìn pátápátá ló dára. Táńkà epo tó ṣubú, wọ́n ní láti kọ́kọ́ fa epo inú rẹ̀ sínú òmíràn. Wáyà tó ń fa ọkọ̀, bó bá já, ó lè gé ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Mo sọ fún ìyá náà pé kí ọmọ kọ́kọ́ lo ọdún kan lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí ó sì gba ìwé ìwakọ̀ tó bá ọkọ̀ ńlá mu. Lẹ́yìn náà, kí òun fúnra rẹ̀ bi ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ pé, “Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe ń sanwó fún awakọ̀ yín?” Bó bá jẹ́ pé iye ọkọ̀ tó wọ́ lóòjọ́ ni wọ́n fi ń sanwó fún un, ebi ni yóò kọ́ ọ láti wọ́ ọkọ̀ tí kò bàjẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni olè tí ìyá ń sọ ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó oṣù, ọmọ náà lè dárúkọ owó fún ọlọ́kọ̀ kí ó tó so ṣéènì, kí ó sì kọ rìsíìtì fún un.

Ìyá náà kò tíì fún mi lésì. Àmọ́ láti ọjọ́ Ajé, ọmọ rẹ̀ ti wà lábẹ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.