Ọgbẹ́ Ọmọdé Kì í Tètè San
Lọ́dún 1998, àwọn dókítà Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí àgbàlagbà tó lé ní 9,000. Bí lílù, èébú àti ìjà inú ilé ṣe pọ̀ tó fún ẹni ní kékeré, bẹ́ẹ̀ ni àrùn ọkàn, àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti ìrẹ̀wẹ̀sì ń pọ̀ lágbà. Ẹ gbọ́ o! Èmi náà ti fi pàṣán na ọmọ nílé kéú rí. Mo tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun. Ànọ́bì wa fẹnu ko ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bí mẹ́wàá tí kò fẹnu ko ọ̀kankan rí, Ànọ́bì ní aláìláàánú kì í rí àánú. Bí ọmọ bá sùn kọjá sààrì lóru òní, ẹ rọra jí i. Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa. Àmín.