Ẹja Tí Ń Jẹ Iyùn

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ẹja kékeré kan tí ó rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n tí kò yẹ kí á sìn nínú ilé. Ẹja òkun ni. Kò sí nínú odò wa. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá.

Gbogbo wa ni a mọ iyùn, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí àwọn ọba àti ìjòyè ń fi sọ́rùn. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí iyùn ti ń wá? Kì í ṣe òkúta tí a wà nínú ilẹ̀. Inú òkun ni ó ti ń wá. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ó ní ẹ̀mí ni wọ́n ń kọ́ ọ, bí ikán ti ń kọ́ ilé rẹ̀. Iyùn pupa tí à ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ wá láti inú òkun tí ó wà láàárín Áfíríkà àti Yúróòpù.

Iyùn yìí ní àwọn ìbátan tí wọ́n ń gbé inú òkun tí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn wọ̀nyí ń kọ́ ilé líle tí ó ní ẹ̀ka bí igi. Wọ́n ń kọ́ ọ pọ̀ títí yóò fi di igbó ńlá lábẹ́ omi. Etíkun wa ní Kútọnu jẹ́ iyanrìn, irú igbó iyùn bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ní Mòsáḿbíìkì, ní Tànsáníà àti ní Kẹ́ńyà. Ó wà títí dé Indonéṣíà, Ọsirélíà àti gúúsù Japan.

Inú igbó iyùn yìí ni ẹja wa ń gbé. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Oxymonacanthus longirostris. Orúkọ yìí gùn. Ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní ẹlẹ́nu-ṣóńṣó, nítorí ẹnu rẹ̀ yọ síwájú bí ẹnu ìgò. Bí ó ti wù kí ó dàgbà tó, kì í gùn ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tí ó fẹ́ jọ aró, pẹ̀lú àmì roboto-roboto tí ó dàbí ọsàn tí ó pọ́n. Akọ àti abo a máa rìn pọ̀ bí tọkọtaya.

Kí ni ẹlẹ́nu-ṣóńṣó ń jẹ? Iyùn ẹlẹ́ka ni. Kì í jẹ ilé iyùn náà, ẹ̀dá kéékèèké tí ń gbé inú rẹ̀ ni ó ń ṣà jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí adìẹ ti ń ṣa ọkà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ ohun mìíràn rárá. Àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà tún rí ohun ìyanu kan. Iyùn tí ẹja yìí ń jẹ ń mú kí ara rẹ̀ máa rùn bí iyùn. Nígbà tí ó bá wà láàárín iyùn, ó ṣòro fún ẹja ńlá láti gbóòórùn rẹ̀ kí ó sì pa á. Nítorí náà, iyùn ni oúnjẹ rẹ̀, iyùn ni ilé rẹ̀, iyùn náà ni ó sì ń dáàbò bò ó.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe sí i. Ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sin ẹja nínú ilé. Kì í ṣe láti jẹ ẹ́, láti máa wò ó ni. Wọ́n ń rọ omi sínú àpótí gíláàsì, wọn a sì kó ẹja sínú rẹ̀. Àní wọ́n ń kó ẹja odò láti Nàìjíríà lọ sí òkè òkun fún iṣẹ́ yìí. Ẹja tí ó ń jẹ onírúurú oúnjẹ lè pẹ́ nínú àpótí bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́nu-ṣóńṣó kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó rà á nítorí ẹwà rẹ̀ yóò fún un ní oúnjẹ gbígbẹ tí wọ́n ń tà fún ẹja. Ẹja náà yóò wò ó, kò ní jẹ ẹ́. Ikùn rẹ̀ yóò wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò mú bí ọ̀bẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó lè kú. Olówó rẹ̀ lè rò pé àìsàn ni. Ebi ni. Oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ tirẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé: “Ṣé a kò lè fi iyùn sínú àpótí náà fún un?” A lè fi í sí i. Ṣùgbọ́n iyùn kì í yára dàgbà. Ẹja náà yóò jẹ ẹ́ tán kí ó tó hù padà. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ díẹ̀ ti fi sùúrù kọ́ ọ láti jẹ oúnjẹ mìíràn. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó fẹ́ fi ẹja ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé.

Ìpalára náà kò mọ sórí ẹja kan. Ní Filipíìnì, àwọn apẹja kan a máa da májèlé sínú òkun kí ẹja ẹlẹ́wà lè dákú, kí wọ́n lè mú un láàyè. Májèlé náà ń pa iyùn. Ó dàbí ẹni tí ó da oògùn òwú sínú odò nítorí ẹja ọjọ́ kan. Bí igbó iyùn bá kú, ibùgbé ẹja tí ìdílé apẹja ń jẹ, tí wọ́n sì ń tà, ti bàjẹ́ nìyẹn. Ooru òkun náà ń pa iyùn. Ní ọdún 1998, omi òkun gbóná jù ní Okinawa ní Japan, ọ̀pọ̀ iyùn sì kú. Kò pẹ́ tí ẹlẹ́nu-ṣóńṣó fi dín kù gidigidi níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Àwa náà ní irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ nínú igbó wa. Ẹ wo akíkà, ẹranko tí ìpẹ́ bò lára, tí ń ká ara rẹ̀ jọ bí a bá fọwọ́ kàn án. Èèrà àti ikán ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ọmọ bá mú un wálé, tí ó so ó mọ́lẹ̀, tí ó fún un ní ẹ̀kọ tàbí iṣu, kò ní jẹ ẹ́. Yóò kú. Ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fohùn ṣọ̀kan ní Johannesburg láti fòfin de títa akíkà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Òyà yàtọ̀. Koríko, pòròpórò àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni ó ń jẹ. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń sìn ín ní orílẹ̀-èdè wa, tí ó sì ń bí sí i.

Nítorí náà, kí á tó mú ẹ̀dá kan wọlé, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí á tún béèrè bóyá a lè rí oúnjẹ náà fún un lójoojúmọ́, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò. Bí a kò bá lè rí i, kí á fi í sílẹ̀ sí ibi tí oúnjẹ rẹ̀ wà. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ, nítorí àwọn ni wọ́n máa ń mú ẹranko wálé jù.

Ẹ jọ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí nínú ẹgbẹ́ ìkàwé yín:

1. Ta ni ó ń kọ́ ilé iyùn?
2. Kí ni ó ń pa ẹlẹ́nu-ṣóńṣó nínú àpótí gíláàsì?
3. Ẹranko wo ni ó wà ní agbègbè wa tí kò yẹ kí á sìn nínú ilé? Kí ni ìdí rẹ̀?